Orúnkún Ló Ń Dùn Ún, Ìbàdí Ló Ń Bàjẹ́

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín jẹ́ SS, tó ní àrùn sickle cell, tí ìrora gbogbo ara ti lọ tán, tó wá ku orúnkún kan ṣoṣo tí kò lọ, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí sí. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, n kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn pẹ́ tó láti mọ ohun tó yẹ kí òbí béèrè, àti ohun tí kò yẹ kó gbà kí wọ́n ṣe fún ọmọ rẹ̀.

AS ni èmi, AS ni ìyá wọn. Nígbà tí a fẹ́ra, kò sẹ́ni tó bi wá léèrè jẹ́nótáìpù. Ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi ni wọ́n ń wá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí AS bá fẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu pé ọmọ á jẹ́ SS, oyún kọ̀ọ̀kan ni mo sì wí o. Kì í ṣe pé bí àkọ́kọ́ bá ti jẹ́ SS, mẹ́ta tó kù ti bọ́. Àbẹ̀ní, àkọ́bí wa, ló bọ́ sí. Kò tíì pé ọmọ ọdún kan tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú, ibẹ̀ ni wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Láti ìgbà náà la ti mọ bí a ṣe ń ṣe é: folic acid lójoojúmọ́, Paludrine nítorí ibà, omi púpọ̀, súwẹ́tà nígbà ọyẹ́, kí òjò má pa á. Àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, a ti mọ ìrìn rẹ̀. Ìrora á dé, á gbé e sánlẹ̀, a ó gbé e lọ sí ọsibítù, wọn á fa omi sí i lára, wọn á fún un lóògùn, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan á dìde, á ní kí wọ́n se ìńdómì fún òun.

Mímọ̀ tí a mọ̀ ọ́n yìí gan-an ló fà wá sẹ́yìn.

Ó ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí kíráísísì kan, ìrora tí mo wí yẹn, dé láàárín òjò oṣù Keje. Ẹ̀yìn, apá, àyà, itan, gbogbo rẹ̀ ló dùn ún. Gbogbo rẹ̀ ló sì lọ, àfi orúnkún ọ̀tún. Kò wú, kò gbóná. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, kò ní kó má tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀ orúnkún náà ló máa ń dì mú lóru. Ìyá rẹ̀ fi Robb pa á, ó fi òrí pa á, ó fi aṣọ gbígbóná lé e. Ní ọsibítù aládàáni kan ládùúgbò, wọ́n ya X-ray orúnkún, fọ́tò náà sì mọ́ tónítóní. Wọ́n ní ó ń dàgbà ni, pé eegun tó ń gùn máa ń dun ọmọdé. A sanwó, a gba parasítámọ̀, a sì dúpẹ́.

Orúnkún ni wọ́n yà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú sí i níbẹ̀ yẹn. Iṣan tó ń jẹ́ kí a mọ ìrora ìbàdí ló tún lọ sí orúnkún, nítorí náà ìbàdí lè máa bàjẹ́ kí ọmọ máa fọwọ́ di orúnkún tàbí itan mú. Ọmọ ò parọ́, ibẹ̀ ló ti ń dùn ún lóòótọ́. Àgbàlagbà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ló yẹ kó gbọ́wọ́ gòkè.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí tiro. Láàárọ̀, ẹsẹ̀ náà á le. Bó bá rìn díẹ̀ á dẹ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ á tún padà dé. Ní ilé ẹ̀kọ́, tíṣà rẹ̀ ní àwáwí ni, nítorí òun rí i tó ń sáré lọ ra gúgúrú ní àkókò ìsinmi. Ọmọ ọdún mẹ́wàá, bó tiro bí kò tiro, á sáré bí gúgúrú bá wà níwájú rẹ̀.

Ìkúnlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń sọ fún wa, a ò gbọ́. Àbẹ̀ní tó máa ń kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ kí ìyá onílé wa bẹ̀rẹ̀ sí dúró kí i. Á tẹrí ba, á tẹ ẹsẹ̀ kan díẹ̀, á sì kọjá. Ìyá onílé pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá Àbẹ̀ní, ọmọ yín ti ń di sìsí o, kò kúnlẹ̀ mọ́." Mo pe ọmọ, mo bá a wí. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi: ó di apá àga mú kó tó lè lọ sílẹ̀, ó tún di àga mú kó tó dìde, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo rò pé ìbáwí ló ń pa á lẹ́kún.

Ìyá mi wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n ní eegun ló yẹ̀, wọ́n sì mú bàbá kan tó ń to eegun wá láti Bárígà. N kò ní bú àwọn tó ń to eegun. Wọ́n to apá ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó ṣubú lórí ọ̀kadà, ó ń lo apá náà dòní. Ṣùgbọ́n eegun tó kán àti èyí tó yẹ̀ ni iṣẹ́ wọn. Ẹ̀jẹ̀ ni kò dé eegun ti ọmọ SS; fífà ò lè fa ẹ̀jẹ̀ wọ inú rẹ̀. Bàbá náà di ọrùn ẹsẹ̀ mú, ó fà á, ó sì yí i. Igbe tí ọmọ ké, àwọn tó ń gé bébà nísàlẹ̀ pa ẹ̀rọ wọn. Ìyá rẹ̀ já a gbà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọmọ òun mọ́. Obìnrin tí kì í dá ìyá mi lóhùn rí.

Ẹni tó wá mọ ibi tó ti ń ṣe é ni onídìrí. Sátidé kan ni, ó fẹ́ di ṣùkú fún un. Ẹ mọ bí ọmọ ṣe máa ń jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ onídìrí. Ó ní kó ká ẹsẹ̀ kò: ti òsì ká, ti ọ̀tún ò ká. Ó ní kó là á sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà náà: ti òsì là, ti ọ̀tún dúró gbagidi. Nígbà tí ìyá rẹ̀ lọ mú un, onídìrí ní, "Ìyá Àbẹ̀ní, kì í ṣe orúnkún o. Òkè níhìn-ín ló ti há. Ẹ wò ó." Ó tún un ṣe lójú rẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni obìnrin yẹn kà. Kò sẹ́ni tó yẹ ìbàdí ọmọ náà wò ṣáájú rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo owó tí a ti san.

Ìdí-Àràbà la gbà lọ. Ibẹ̀ ni LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó, wà, òdìkejì rẹ̀ sì ni ibùdó Sickle Cell Foundation Nigeria, àjọ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyànjú dá sílẹ̀ ní 1994. Bí ọmọ yín bá jẹ́ SS, tí ẹ sì ń gbé ní Èkó, kò yẹ kó jẹ́ ọjọ́ tí wàhálà bá dé lẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi èèyàn ní ọ̀nà ibẹ̀.

Dókítà obìnrin tó rí wa ò fọwọ́ kan orúnkún rárá lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní kí Àbẹ̀ní rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé. Ó ní kó fi ẹsẹ̀ òsì nìkan dúró, lẹ́yìn náà kó fi ti ọ̀tún. Nígbà tó fi ti ọ̀tún dúró, ìbàdí òsì rọ̀ wá sílẹ̀. Ó ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ká ìbàdí àti orúnkún rẹ̀ sókè, ó wá rọra ti àtẹ́lẹsẹ̀ síta kí itan lè yí sínú. Ti òsì yí. Ti ọ̀tún ò tíì rìn jìnnà tí ọmọ fi ké, ó sì fọwọ́ lé ibi tí itan ti pàdé ikùn. Kì í ṣe orúnkún ló fọwọ́ lé lọ́jọ́ yẹn.

"Bàbá, ìbàdí ni."

Ó ń bi wá léraléra bóyá ara rẹ̀ gbóná. Ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin náà má sì fi ṣeré: ọmọ SS tí ìbàdí ń dùn, tí ara rẹ̀ gbóná, tí kò lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ rárá, ó lè jẹ́ pé kòkòrò ti wọ inú eegun tàbí oríkèé. Salmonella, ẹbí kòkòrò tó ń fa ibà jẹ̀funjẹ̀fun, wọ́pọ̀ nínú eegun àwọn ọmọ yìí. Ìyẹn kì í dúró di àárọ̀. Ọyún nínú oríkèé lè ba ìbàdí jẹ́ kíákíá, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀, bó jẹ́ òru, bó jẹ́ ọjọ́ ìgbálẹ̀.

Ti Àbẹ̀ní kì í ṣe kòkòrò. AVN ni wọ́n kọ sínú fáìlì rẹ̀, ìyẹn ni pé eegun kú nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀. Orí eegun itan wọ inú kòtò ìbàdí bí ọmọ odó ṣe wọ inú odó, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé orí yẹn sì tín-ín-rín, kò sì pọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bá dí i, eegun ibẹ̀ á kú. Kò ní fọ́ lọ́jọ́ náà. Ara tí ọmọ ń gbé lé e, ìrìn, fífò, àtẹ̀gùn, ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ títí orí róbótó yẹn yóò fi tẹ́. Bó bá ti tẹ́, oríkèé ò ní yí geere mọ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé kí ẹsẹ̀ náà sinmi ló ṣáájú gbogbo ohun tí wọ́n ní ká ṣe.

X-ray ìbàdí méjèèjì ni wọ́n yà. Òkè orí eegun ọ̀tún ti funfun ju ti òsì lọ, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ ní ibì kan. Mo béèrè bóyá à bá ti rí i ká ní a yà á ní oṣù Keje. Ó ní bóyá, bóyá sì kọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, X-ray lè mọ́ tónítóní, MRI ló ń tètè rí i. Nítorí náà, bí X-ray ìbàdí ọmọ yín bá mọ́, tí ó sì ń tiro síbẹ̀, ẹ má padà sílé wá fi Robb pa á. Ẹ béèrè MRI. Owó rẹ̀ ò kéré, mo mọ̀.

Wọ́n ní ká lọ sí Ìgbóbì. Ilé ìwòsàn eegun tó wà níbẹ̀ láti 1945, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, iwájú rẹ̀ ni mò ń gbà kọjá bí mo bá ń lọ gbé bébà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún wa pé iṣẹ́ abẹ wà: wọ́n lè lu ihò sínú orí eegun kí ìfúnpá inú rẹ̀ lè dín kù, èyí tó dára jù kí orí náà tó wó, wọ́n sì lè pààrọ̀ gbogbo oríkèé fún àgbàlagbà, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ ṣe é fún ọmọdé, nítorí irin àti rọ́bà máa ń jẹ, wọn á sì tún un ṣe. Fún ọmọ tí kò tíì pé bí ọdún méjìlá, eegun ṣì ń dàgbà, ó ṣì lè tún ara rẹ̀ mọ bí a bá gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Wọn ò ṣèlérí. Wọ́n fún wa ní ọ̀pá méjì tí wọ́n ń fi sábẹ́ abíyá, oògùn, àti káàdì físíò.

Ní ti oògùn, díẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ibuprofen lẹ́yìn oúnjẹ, pẹ̀lú omi, ní ìwọ̀n tí dókítà kọ, nítorí kíndìnrín àwọn ọmọ wa ò lágbára bíi ti ẹlòmíì. Ẹ má jẹ́ kí kẹ́míìsì máa gún wọn lábẹ́rẹ́ ìrora. Mo mọ àgbàlagbà SS tí abẹ́rẹ́ pentazocine ti sọ dẹrú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn hydroxyurea fún Àbẹ̀ní, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò déédéé nítorí rẹ̀. Kíráísísì dín kù gan-an. Ṣùgbọ́n kì í jí eegun tó ti kú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pá yẹn gan-an ni iṣẹ́. Gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù iṣẹ́ abẹ, kò sẹ́ni tó ń sọ fún òbí bí yóò ṣe fi ọ̀pá méjì tọ́ ọmọ ní Ṣómólú. Màmá Físíò, bí àwọn ọmọ ṣe ń pè é, ló kọ́ wa. Orí ọ̀pá ò gbọdọ̀ kan abíyá, kí ìka méjì tàbí mẹ́ta lè gba àárín wọn kọjá. Ọwọ́ ló ń gbé ara, bí abíyá bá gbé e, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí kú tipiri. Bí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó le ló ń ṣáájú, ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tó ń dùn á tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ń sọ̀, ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tó ń dùn ni yóò ṣáájú. Àbẹ̀ní sọ ọ́ di orin, àbúrò rẹ̀ ń gbè é. Rọ́bà ìdí ọ̀pá máa ń jẹ lórí sìmẹ́ńtì. Bó bá ti dán, orí táìsì tó tutù á gbé ọmọ ṣubú. Ẹ máa yí i padà wò lálaalẹ́.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la ń gbé. Ìyá Risi tó ń gbé ìsàlẹ̀ gbà kí a jọ pààrọ̀ yàrá, Ọlọ́run á bù kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi gbèsè iná rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ kó tó gòkè. Káfíńtà gé ihò sí ìdí àga kan fún ilé ìgbẹ́, nítorí ọmọ tí ìbàdí ń dùn ò lè lóṣòó. Ó ń wẹ̀ lórí àga. Kẹ̀kẹ́ Márúwá sàn fún un ju dáńfó lọ, ó sún mọ́ ilẹ̀. Eti ni kó jókòó sí, kí ẹsẹ̀ náà lè nà.

Ní ilé ẹ̀kọ́, òkè ni kíláàsì rẹ̀ wà. Mo bẹ gíwá, mo tún bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Lẹ́tà dókítà ló gbọ́. Ẹ má gba lẹ́tà tó kàn sọ pé "ọmọ yìí ní àìsàn". Kí dókítà kọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: kíláàsì ìsàlẹ̀; kó jókòó nígbà àdúrà àárọ̀; kò gbọdọ̀ sáré, kò gbọdọ̀ gé koríko, kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ bí wọ́n bá ń fìyà jẹ kíláàsì; kí wọ́n jẹ́ kó mu omi, kó sì lọ tọ̀ nígbàkúùgbà. Èyí tó kan ìkúnlẹ̀ yẹn ló ya gíwá lẹ́nu. Mo ṣe ẹ̀dà lẹ́tà náà ní ṣọ́ọ̀bù mi, tíṣà kọ̀ọ̀kan sì gba tirẹ̀. Ní ti ìkíni, ìyá rẹ̀ lọ bá àwọn àgbà ilé wa níkọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n má retí ìkúnlẹ̀ lọ́dọ̀ Àbẹ̀ní. Ìyá onílé sunkún.

Eré físíò, ìrọ̀lẹ́ la máa ń ṣe é. Á dojú délẹ̀ lórí ẹní kí iwájú ìbàdí lè nà. Lẹ́yìn náà á fẹ̀yìn lélẹ̀, á máa fa ẹsẹ̀ síta, á máa fà á padà, láìgbé e sókè. Gìgísẹ̀ ń mú ẹní, kò yọ̀. Mo gé bébà àátì dídán tí a fi ń tẹ káléńdà, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo da pọ́dà díẹ̀ lé e. Ó yọ̀ geere. Màmá Físíò ní kí n bá òun gé díẹ̀ wá. Ó tún ní ìwẹ̀ odò adágún dára, ṣùgbọ́n omi tútù ń fa kíráísísì, èyí tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní Èkó, àwọn ọlọ́rọ̀ ló ni ín, nítorí náà ẹní la dì mú.

Inú ń bí i. Ó fi ọ̀pá na àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ AA lọ́jọ́ tí ìyẹn gba bọ́ọ̀lù kọjá níwájú rẹ̀. Lóru ọjọ́ náà ó bi mí pé, "Dádì, ṣé ẹsẹ̀ mi á kúrú ni?" Mo ní ó ṣeé ṣe kó kúrú díẹ̀. Ìyá rẹ̀ bínú sí mi pé kí ló dé tí n kò sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n ọmọ náà sùn. Àwọn tí wọ́n ti ń sọ fún pé "kò sí nǹkan kan" kì í sùn bẹ́ẹ̀.

Ó ti wà ní JSS 2 báyìí. Kò lo ọ̀pá mọ́, àfi bí ìrìn bá gùn. Orí eegun náà ò róbótó bíi ti òsì, ṣùgbọ́n kò tẹ́ sí i mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á tiro. Wọ́n ń ya òsì náà wò, nítorí àrùn yìí sábà máa ń mú ìbàdí méjèèjì, ó sì lè mú orí eegun apá ní èjìká. Nígbà tí èjìká òsì rẹ̀ dùn lẹ́yìn kíráísísì kan lọ́dún tó kọjá, tí ìyókù lọ tí èyí ò lọ, a ò fi òrí pa á. A gbé e lọ. Kò sí nǹkan níbẹ̀, a sì padà sílé.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrú díẹ̀ lóòótọ́. Dókítà wọ̀n ọ́n, ó kọ iye tí ṣúmékà yóò fi kún ìsàlẹ̀ bàtà, kò sì tó gbogbo àlàfo náà. Ó ní kí ṣúmékà má fi kún un. Ṣúmékà kan ní Múṣin ló ń bá wa ṣe é, ó ń gé fóòmù sáàárín àtẹ́lẹ̀ bàtà tó fi jẹ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò mọ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ ń dàgbà, bàtà táàmù yìí ti ń fún un, a sì gbọ́dọ̀ tún ẹsẹ̀ méjèèjì wọ̀n kí wọ́n tó wọlé ní September.